Ṣòkòtò tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀: ìtàn kẹ̀ǹbẹ̀, culotte àti pantacourt láàárín wa

  Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò la gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ tú ẹbí kan ká lójú wa.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa papò dà. Òkú àgbà ni, òkú ayọ̀ ni. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti Kútọnu dé, wọ́n ti Lọ́mẹ́ dé, wọ́n ti Èkó dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga gan-an, gba aṣọ ẹbí bí gbogbo wa, ó sì ní kí wọ́n bá òun rán an ní ẹ̀wù àti ṣòkòtò tó dúró sí ìsàlẹ̀ orúnkún. Pantacourt ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Nígbà tí ó kan kí àwọn ọmọ-ọmọ gbé pósí, bàbá àgbà kan nínú ẹbí na ọ̀pá sí i. Ó ní, "Ìwọ, kúrò níbẹ̀. Lọ wá ṣòkòtò wọ̀. Aṣọ bọ́ì lo wọ̀ wá sin ìyá rẹ àgbà. Baba wa kan kò wọ irú èyí rí." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò mú òmíràn wá. Wọn kò gbà fún un. Àwọn yòókù gbé pósí lọ, òun sì lọ jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń sunkún.

Àwa wà níbẹ̀. A kò lè dá àgbà lóhùn níwájú òkú, nítorí náà a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dákẹ́ nínú wa. Iṣẹ́ olùkọ́ là ń ṣe, ẹni tó bá sì ń kọ́ ọmọ ní ìtàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí "baba wa kan kò ṣe é rí" kọjá láìbèèrè. Ìbéèrè méjì la bi ara wa. Àkọ́kọ́: ṣé lóòótọ́ ni pé baba wa kan kò wọ ṣòkòtò tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rí? Èkejì: kí ló ń jẹ́ kí irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ yẹ ẹnì kan, kí ó má yẹ ẹlòmíràn?

Kí òyìnbó tó fa ààlà

Àlùfáà Samuel Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí ní Sàró ní 1846, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó ti kú kí ìwé náà tó jáde ní 1921. Nínú ìwé yẹn ó ka oríṣiríṣi ṣòkòtò tí àwọn baba wa ń wọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dárúkọ alóńgò, tó fún mọ́ni lẹ́sẹ̀ láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ó dárúkọ kafo, tí òun náà fún, ṣùgbọ́n tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó dárúkọ kẹ̀ǹbẹ̀, tó fẹ̀, tó kọjá orúnkún díẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí lẹ́sẹ̀.

Nínú mẹ́ta tí a kà yìí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀kan ṣoṣo ló dé ọrùn ẹsẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ kì í sì í ṣe aṣọ ọmọdé tàbí aṣọ òtòṣì. Aṣọ jagunjagun ni, aṣọ ọlọ́lá ni, òun ni wọ́n ń wọ̀ mọ́ gbáríyẹ̀ lọ sí òde. Àgbà tó wọ kẹ̀ǹbẹ̀ ń fi ojúgun hàn, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ wá ṣòkòtò wọ̀.

Kí ló fà á tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ. Aṣọ òfì tí àwọn ọkùnrin ń hun kì í fẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìbú rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ ènìyàn lọ púpọ̀. Aránṣọ ní láti rán ọ̀já kan mọ́ èkejì, èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, títí tí yóò fi di aṣọ. Bí ṣòkòtò bá ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀já tí yóò jẹ ṣe pọ̀ tó, bí ọ̀já sì ṣe pọ̀ tó ni owó ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi ọrọ̀ hàn kò ní láti jẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ gùn. Kí ó fẹ̀ ló ń wá. Kẹ̀ǹbẹ̀ kan lè jẹ aṣọ ju ṣòkòtò gígùn méjì tó fún lọ.

Ti àgbẹ̀ àti ti ọdẹ tún yàtọ̀. Ẹni tó ń jí lọ sóko nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko kò fẹ́ aṣọ tí yóò máa fa omi àti ẹrẹ̀ káàkiri. Ẹni tó ń lépa ẹran nínú igbó kò fẹ́ aṣọ tí ẹ̀gún yóò máa di mú. Àwọn wọ̀nyí nílò ṣòkòtò tó mọ níwọ̀n, tó le, tí kíjìpá bá mu. Àwọn àgbà sì ní, "Ṣòkòtò tó ń ṣiṣẹ́ oko, oko ní í gbé." Ẹ kíyè sí i pé òwe yẹn kò sọ pé ṣòkòtò kúkúrú burú. Ohun tó ń sọ ni pé ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀.

Àwọn obìnrin tó wọ ṣòkòtò wá sẹ́nu odi wa

Apá yìí nínú ìtàn dun àwa ọmọ Kétu, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó. Àwọn òyìnbó tó bẹ Àgbómẹ̀ wò láyé ọba Gẹ̀zò, láàárín 1845 sí 1850, kọ ohun tí àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì ń wọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wù aláìlápá onílà aró àti funfun ni, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé lábẹ́ rẹ̀ tó kọjá orúnkún díẹ̀. Aṣọ tó jẹ́ kí ènìyàn lè sáré, kó lè fò, kó lè gun odi ni. Àwọn obìnrin yìí wà nínú ogun tó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864. Ní 1886, láyé ọba Glèlè, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, ìlú di ahoro, ó sì di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin kí àwọn ọmọ Kétu tó lè padà wálé wá tún un kọ́. Ẹni tó bá ń gba ẹnu Àkàbà Ìdènà kọjá lónìí, ó yẹ kó rántí.

A kò sọ èyí láti tún ọgbẹ́ ṣí. A sọ ọ́ nítorí pé a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń bú àwọn ọmọbìnrin wa pé òyìnbó ló kọ́ wọn ní ṣòkòtò. Kí òyìnbó tó ṣàkóso ilẹ̀ yìí, àwọn obìnrin ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, ti ń wọ ṣòkòtò tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, àwọn ọkùnrin tó ní odi sì ń bẹ̀rù wọn.

Nílẹ̀ Faransé ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 1800, ọ̀gá ọlọ́pàá Paris pàṣẹ pé obìnrin tó bá fẹ́ múra bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ wá gba ìwé àṣẹ. Ọdún 2013 ni ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé àṣẹ náà kò lágbára mọ́. Ẹ fi èyí wé ti Àgbómẹ̀, kí ẹ wá sọ ẹni tó kọ́ ẹnì kan ní ṣòkòtò.

Culotte yí padà lọ́wọ́ Faransé

Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé mọ orúkọ yìí láti kékeré: sans-culottes. Nígbà Ìyípadà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, àwọn ọ̀tọ̀kùlú ilẹ̀ Faransé ló ń wọ culotte, ṣòkòtò tó dúró lórí orúnkún, tí wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn mọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn mẹ̀kúnnù wọ ṣòkòtò gígùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní "àwọn tí kò ní culotte". Nígbà náà, ṣòkòtò kúkúrú ni ti olówó, gígùn ni ti tálákà. Nígbà tó yá, ayé yí. Ṣòkòtò gígùn di ti gbogbo àgbà ọkùnrin, kúkúrú sì di ti ọmọdé. Ní Yúróòpù, títí di nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin ń wọ kúkúrú lọ sílé ìwé, ọjọ́ tó bá sì kọ́kọ́ wọ gígùn, ó mọ̀ pé òun ti ń di ọkùnrin.

Ìtumọ̀ kejì yìí ni wọ́n gbé wá bá wa, pé ẹni tó wọ kúkúrú, ọmọdé ni.

Kí wọ́n tó dé, àwọn Àgùdà ti mú ṣòkòtò gígùn ti òyìnbó wọ Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tó wáyé ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jẹ́ ẹrú ní Brazil padà sí Èkó, sí Ọ̀údà àti sí Àjàṣẹ́. Àwọn ọmọlé wà nínú wọn, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà nínú wọn, àwọn aránṣọ náà wà nínú wọn. Òun ni àwọn ìlú etí òkun wa fi mọ kóòtù àti ṣòkòtò gígùn kí ìjọba òyìnbó tó fìdí múlẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti èdè àti owó, ìhà méjèèjì yàtọ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní ti ṣòkòtò, ohun kan náà ni òyìnbó méjèèjì ṣe: wọ́n mú káakí wá. Ọ̀rọ̀ "káakí" ti Íńdíà wá, "aláwọ̀ eruku" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ ṣòkòtò péńpé káakí. Àwọn ọlọ́pàá ìhà ọ̀hún wọ̀ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Faransé tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọ̀ ọ́. Ní ìhà ọ̀hún wọ́n ń pè é ní níkà, ní ìhà tiwa a ń pè é ní culotte.

Àwọn mìíràn tún wà tó wọ̀ ọ́: àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé òyìnbó. Wọn ì báà ti pé ogójì ọdún, wọn ì báà ní ìyàwó àti ọmọ, "bọ́ì" ni orúkọ wọn, ṣòkòtò péńpé ni wọ́n sì máa ń wọ̀ gbé oúnjẹ lọ sórí tábìlì. Láyé indigénat, òfin tí Faransé fi ń jẹ ọmọ onílẹ̀ níyà láìsí ilé ẹjọ́, tí wọn kò fagi lé títí di 1946, ta ni yóò sọ pé òun kò wọ̀ ọ́? Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn baba wa nígbà náà kì í ṣe gígùn aṣọ. Ipò àgbà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, aṣọ ni wọ́n sì fi sàmì sí i.

Káakí tiwa

Àwa náà wọ culotte káakí. A kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n fún wa ní ti ẹ̀gbọ́n wa, nítorí kò sówó tuntun. Ẹ̀gbọ́n wa sanra, àwa gbẹ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà fẹ̀ débi pé atẹ́gùn ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní kíláàsì ń pè wá ní "ọmọ odó", nítorí ẹsẹ̀ wa dúró nínú ṣòkòtò bí ọmọ odó tó dúró nínú odó. Ní ọjọ́ kan a kọ̀, a ní a kò lọ sílé ìwé mọ́. Ìyá wa kò nà wá. Wọ́n fà wá lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá aránṣọ kan létí ọjà.

Bàbá náà kò bi wá ní ọjọ́ orí wa. Wọ́n ní ká dúró, ká jókòó, ká lóṣòó, lẹ́yìn náà wọ́n ní ká dọ̀bálẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ṣòkòtò tí ọmọ Yorùbá kò lè fi dọ̀bálẹ̀ láìya, kì í ṣe ṣòkòtò." Wọ́n gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé ní ìhà méjèèjì, wọ́n gé etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó dúró lórí orúnkún gan-an. Wọ́n wá pa òwe kan tí a kò gbàgbé títí di òní: "Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè wá ní ọmọ odó mọ́.

Nígbà tí a dàgbà, a máa ń lọ jókòó sọ́dọ̀ bàbá náà nígbà ìsinmi. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa la fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, kí ó má bàa bá wọn lọ.

Ibi tó yẹ kí etí ṣòkòtò dúró sí

Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ nìyí: ibi tí etí ṣòkòtò bá parí sí ni ojú ẹni tó ń wò ọ́ yóò dúró sí. Bó bá parí síbi tí ẹsẹ̀ ti sanra jù, ojú yóò gbà pé gbogbo ẹsẹ̀ ló sanra bẹ́ẹ̀. Bó bá parí síbi tí ẹsẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ojú yóò gbà pé gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn sì ní ibi mẹ́ta tó ti máa ń tẹ́ẹ́rẹ́: òkè orúnkún díẹ̀, ìsàlẹ̀ orúnkún gẹ́rẹ́ níbi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àti òkè ọrùn ẹsẹ̀. Àárín ojúgun, níbi tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ̀ jù, ni ibi tó léwu.

Ẹni tí kò ga: kí ó má ṣe jẹ́ kí etí ṣòkòtò bọ́ sí àárín ojúgun, nítorí yóò dà bí ẹni pé wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Kí ó jẹ́ kó dúró lórí orúnkún tàbí sí òkè rẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò má fẹ̀ jù. Bó bá fẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀, kí ó gùn dé òkè ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì fún díẹ̀. Kí ó so ṣòkòtò mọ́ ìbàdí gan-an, kì í ṣe sísàlẹ̀ ikùn, kí ẹ̀wù rẹ̀ má sì gùn bo itan. Sálúbàtà tí àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ àwọ̀ ara rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dà bí ẹni pé ó gùn.

Ẹni tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́: tirẹ̀ rọrùn jù. Ìsàlẹ̀ orúnkún yẹ ẹ́, kódà àárín ojúgun tí a ní kí àwọn yòókù yẹra fún lè gbà á. Ohun tí kò yẹ ẹ́ ni ṣòkòtò tó gòkè dé àárín itan, nítorí á dà bí lékeléke tó dúró nínú omi. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, kí ó má ṣe wọ èyí tó fẹ̀ jù. Ẹ rántí ọmọ odó.

Ẹni tí itan rẹ̀ tóbi: kí ṣòkòtò bọ́ sílẹ̀ tààrà láti ìbàdí, kí wọ́n má kó o jọ ní orúnkún, kí wọ́n má sì fi àpò sí ẹ̀gbẹ́ itan. Ìsàlẹ̀ orúnkún gẹ́rẹ́ ni kí etí rẹ̀ wà. Ẹni tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ pọ̀: kí etí ṣòkòtò dúró sókè rẹ̀ tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, kí ó má ṣe dúró lé e lórí.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun: bàbá náà kì í rán èyí tó fún fún un, nítorí aṣọ tó fún yóò ya àwòrán ìtẹ̀ náà síta. Wọ́n á jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbòòrò níwọ̀nba, kí ó kọjá orúnkún, kí ìlà aṣọ máa sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Kẹ̀ǹbẹ̀ yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń kan ara wọn: kí etí ṣòkòtò má ṣe dúró lórí orúnkún gan-an. Kí ó wà lókè rẹ̀ tàbí kí ó kọjá rẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn ni ìjókòó. Ṣòkòtò tó wà lórí orúnkún nígbà tí ènìyàn dúró yóò gòkè bó bá jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sáàárín àgbà, kí ó jókòó lórí àpótí kúkúrú níwájú aránṣọ kí wọ́n tó gé etí rẹ̀. Bí itan bá hàn, kí wọ́n fi ìka mẹ́ta kún un. Ẹ̀tọ́ àgbà nìyẹn, kò sì ba ẹwà jẹ́.

Pantacourt àti ṣòkòtò àgbàbọ̀

Pantacourt tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wọ̀ lónìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1948, arábìnrin kan tó ń ṣe aṣọ ní Jámánì, Sonja de Lennart, ṣe ṣòkòtò obìnrin kan tó fún, tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì fi orúkọ erékùṣù Capri ní Ítálì pè é. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, lára obìnrin, lẹ́yìn náà lára ọkùnrin náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gba ọjà aṣọ àlòkù wọlé, bíi Hédzranawoé ní Lọ́mẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ara ẹlòmíràn ni wọ́n rán aṣọ àlòkù sí. Ṣòkòtò tí wọ́n gé kí ó dúró sí ìsàlẹ̀ orúnkún ẹnì kan tó ga ní Yúróòpù yóò bọ́ sí àárín ojúgun ọ̀dọ́mọkùnrin Ṣákétẹ́ tí kò ga tó bẹ́ẹ̀, ibi tó léwu gan-an. Àwọn ènìyàn á rí i, wọ́n á ní, "Pantacourt kò yẹ ọmọ Yorùbá." Irọ́ ni. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ aránṣọ ni. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni, òwe bàbá aránṣọ sì ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá rà á, kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ àdúgbò rẹ̀, kí ó dúró, kí ó jókòó, kí ó lóṣòó, kí ó dọ̀bálẹ̀. Owó iṣẹ́ náà kì í pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn aránṣọ wa rí oúnjẹ jẹ.

A padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ìyá àgbà, a lọ kí bàbá tó lé ọmọ náà kúrò nídìí pósí. A kò lọ jà. A gbé obì dání, a dọ̀bálẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ ìtàn kan ló wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ kí wọ́n là wá lóye. A bi wọ́n léèrè ohun tí baba wọn ń wọ̀.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá sọ pé baba wọn ṣe bọ́ì fún òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìyá wọn mú wọn lọ kí baba wọn níbi iṣẹ́, wọ́n sì bá a nínú culotte funfun, ọmọ òyìnbó kékeré kan ń fi orúkọ àbísọ pè é, ó ń rán an níṣẹ́. "Láti ọjọ́ náà," ni wọ́n wí, "bí mo bá rí orúnkún ọkùnrin lóde, inú mi máa ń bàjẹ́."

Nígbà náà ni a mọ̀ pé bàbá kò purọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

A rọra bi wọ́n bóyá baba wọn kò ní aṣọ mìíràn. Wọ́n ní kí ọmọ kan lọ gbé àpótí wá láti inú yàrá. Nísàlẹ̀ àpótí náà, lábẹ́ ẹtù tí kòkòrò ti jẹ létí, kẹ̀ǹbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí. Ti baba baba wọn ni. Wọ́n gbé e dúró mọ́ ìbàdí ara wọn. Kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ orúnkún ló mọ. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó." Wọn kò parí òwe náà. Kò sì sídìí fún un.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan ti parí níbẹ̀. Bàbá ṣì sọ pé níbi òkú, ṣòkòtò gígùn ló dára jù, a sì gbà pẹ̀lú wọn pé ibi kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ náà ní Kútọnu. Wọ́n ní kó wá nígbà ọdún, kó wá mú kẹ̀ǹbẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, kí wọ́n rán irú rẹ̀ fún un ní ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, àpótí pọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ẹ tó sọ fún ọmọ yín pé baba wa kan kò ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ẹ bá rí kẹ̀ǹbẹ̀, alóńgò tàbí ṣòkòtò mìíràn tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ bi àgbà ilé léèrè ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ibi tó wọ̀ ọ́ lọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu tó lè sọ ọ́ ṣì wà.

Ire o.